Okùn Méjì Bàbá Olóyin

Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá wa àgbà, ìjọ tẹ ìwé ètò ìsìn kan tó dára. Àwòrán Bàbá wà níwájú rẹ̀, fìlà wọn gún, ojú wọn le bí ẹni pé ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá fẹ́ràn Ọlọ́run, pé wọ́n fẹ́ràn ènìyàn, pé àwọn ni wọ́n lu aago ìjọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà dé ẹ̀yìn, mo tún dojú rẹ̀ dé wò, n kò rí agbè kan ṣoṣo níbẹ̀. N kò rí ọ̀pẹ. N kò rí igbà. Ẹni tó bá kọ ìtàn Bàbá Olóyin tí kò fi igbà sí i, ìtàn bàbá ẹlòmíràn ló kọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ti Ìbàdàn wá síbi ìsìnkú náà, ẹ̀yin lẹ fa èyí. Ẹ rí agbè mẹ́rin tí a dorí wọn kodò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì bi mí léèrè pé, "Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ṣé Bàbá máa ń mu ẹmu ni?" Bàbá tí ẹmu kò kan ahọ́n wọn láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìrìbọmi! Mo ní n ó kọ ọ́ fún yín. Ẹ má retí gírámà o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ka ìkẹfà. Aago tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú náà, tó ń dún bí ẹni pé ọ̀mùtí ló ń lù ú, èmi ni mo lù ú. N ó dé orí ìyẹn náà.

Bàbá Olóyin kò ní oyin. Bí kòkòrò oyin bá wọ yàrá wọn, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ sá jáde. Ohun tí wọ́n ní ni ọ̀pẹ mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé, tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Adẹ́mu ni bàbá náà. Nígbà tó ń kú lọ, ó fi igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ lé Bàbá lọ́wọ́, ó ní okùn náà kò gbọdọ̀ gbẹ sára ògiri láé. Bàbá ṣèlérí. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni wọ́n di ọmọ ìjọ, ìjọ wa sì kórìíra ọtí bí ológbò ṣe kórìíra òjò. Níbẹ̀ náà, Bàbá ṣèlérí: wọn kò ní mu ẹmu mọ́, wọn kò sì ní dá a fún ẹlòmíràn mu. Ọkùnrin kan, ìlérí méjì tó kọjú ìjà síra wọn. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀. Èmi ì bá gbàgbé méjèèjì.

Bàbá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi rí àlàfo tóóró kan láàrin ìlérí méjèèjì, wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn gbé inú àlàfo náà. Ohun tó ń kán láti ara ọ̀pẹ ní ìdájí, omi dídùn lásán ni. Kò lè pa ènìyàn. Ó dìgbà tó bá jókòó pẹ́, tí oòrùn ràn sí i, kó tó máa hó, kó tó máa kan, kí a tó máa pè é ní ẹmu. Bí èèyàn bá sáré gbé e dé orí iná kó tó yí padà, tó sì sè é títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ, ohun tó máa ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò yóò pọ́n, yóò ki, yóò máa fà bí oyin. Omi agbè mẹ́rin, bí a bá sè é tán, kì í ju ìgò kan àti díẹ̀ lọ. À ń dà á sí ẹ̀kọ mímu, à ń fi iṣu sísun tọ́ ọ. Bí ikọ́ bá ń da ọmọ kan láàmú ládùúgbò, ilé wa ni ìyá rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Bàbá kì í rìn ní àárọ̀, sísáré ni wọ́n ń sáré. Bí aládùúgbò kan bá rí wọn pẹ̀lú agbè ní èjìká, tó fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Olóyin, ẹmu òní mà pọ̀ o!" wọn kì í dúró, wọn kì í wẹ̀yìn. Ohùn wọn nìkan ni yóò padà wá bá a: "Kò tíì di ẹmu!"

Agbè wọn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Adẹ́mu gidi kì í fọ agbè rẹ̀ dénú, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ló ń mú kí ti òní tètè hó. Bàbá ní tiwọn, omi gbígbóná ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á mì í títí apá á fi ro wọ́n, wọ́n á wá dorí rẹ̀ kodò sórí èéfín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki imú bọ ẹnu agbè, wọ́n á dijú, wọ́n á fa òórùn rẹ̀ símú. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà, adẹ́mu ará Ìyìn, tí kò lè rí èyí kó má rẹ́rìn-ín. "Olóyin, ṣé agbè lo ń fọ̀ ni àbí àwo tí ọba fẹ́ fi jẹun?"

Imú yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ó ti mọ́ Bàbá lára débi pé kò sí ohun tí wọn kì í gbóòórùn kí wọ́n tó lò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ki imú bọ ìkòkò omi mímu ìyá wa àgbà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìgèdè nítorí Ìgèdè ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá. Ìyá Ìgèdè fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ kúkú wá gbóòórùn èmi náà wò, bóyá mo ti kan."

Bàbá kò gbójú sókè. "Ìwọ ti kan láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ."

A rẹ́rìn-ín títí, Ìyá Ìgèdè náà rẹ́rìn-ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ju ìgbákọ mọ́ Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín parí, Bàbá sọ èyí tó jẹ́ òfin fún wọn, tí mo gbọ́ tó bí ìgbà ọgọ́rùn-ún kí n tó mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí: "Ìdọ̀tí àná ló ń ba adùn òní jẹ́."

Nídìí iná, wọ́n yàtọ̀. Ọkùnrin tó sáré bẹ́ẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ, bó bá ti gbé ìkòkò kaná, ó di òkúta. Bí wọ́n ti ń fi ìgbákọ gbá ohun tó ń hó kúrò lójú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ igi kúrò, tí wọ́n ń ki igi bọ̀ ọ́. Àlejò tó bá fẹ́ rí Bàbá, ìdí ìkòkò ni yóò jókòó sí. Nígbà kan, wọ́n ní kí n bá wọn wo iná kí wọ́n lè fi omi sára. Mo ronú pé iná ńlá yóò sè é kíá, kí n lè tètè dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ki igi mẹ́ta bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Bàbá tó wọ ṣòkòtò, ìkòkò ti dúdú, ẹ̀yìnkùlé ti rí bí ìgbà tí wọ́n ń sun oko. Bàbá kò pariwo. Wọ́n fi ìgbákọ bu díẹ̀ nínú èédú náà, wọ́n na án sí mi, wọ́n dúró títí mo fi lá a. "Bí o bá ń kánjú," ni wọ́n wí, "èéfín lo máa lá."

Ó tó àkókò kí n sọ̀rọ̀ ara mi, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ibi gíga ń bà mí. Bí mo bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù iná, ẹsẹ̀ mi yóò máa gbọ̀n. Iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo yàn, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí ibi tí èèyàn lè já bọ́ sí láti abẹ́ ọkọ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí orúnkún Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí wọ́n sì ní kí n wá kọ́ bí a ti ń fi ugbà gun ọ̀pẹ. Ugbà ni àwa ará Èkìtì ń pe okùn náà. Mo so ó mọ́ ìbàdí, mo gùn tó ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà ilé, mo sì dì mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà. N kò lè gòkè, n kò lè sọ̀. Àwọn adìẹ kóra jọ wá wò mí.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá!"

"Mo rí i."

"Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

"Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, ṣé ẹ̀rù náà yóò kúrò?" Wọ́n fi ọ̀pá wọn kan mi ní gìgísẹ̀. "Máa bẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n máa gùn lọ."

Mo sọ̀ kalẹ̀. N kò purọ́ fún yín. Bàbá tún fi orúnkún wíwú náà gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà, mo sì bá ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń yí po láti òkè ni mo dé yìí. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, nígbà tí gbogbo Adó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, àyàfi àdúgbò wa tó ń sọ̀rọ̀ Bàbá. Ọ̀gá Tíṣà, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ wa, wá sílé pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì. Wọn kò jókòó.

"Bàbá Olóyin, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdékùnrin ìgboro pé àwọn mu ẹmu tó ti ilé yín wá. Àwọn kan tilẹ̀ ní ògógóró lẹ ń sè. A rí èéfín. A rí ìkòkò. Ọ̀pẹ ń bẹ lókè. Kí ló kù?"

"Ahọ́n ló kù," ni Bàbá wí. "Ẹ wá tọ́ ọ wò."

Ọ̀gá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ìyẹn. Okùn méjì ló wà lọ́wọ́ Bàbá, igbà àti okùn aago ìjọ, ìjọ sì fẹ́ kí wọ́n ju ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilé aago tí wọ́n so mọ́ ọrùn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ìjọ pàdé àwọn nínú ọgbà ìjọ ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n á gbé ìkòkò wá, wọ́n á sè é lójú gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹmu bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́.

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ ìgboro náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rọra bu díẹ̀ nínú omi ọ̀pẹ Bàbá bí wọ́n bá yíjú, tí mo ń dà á sínú agbè kan tí mo fi pamọ́ sáàrin kókò lẹ́yìn ilé. Mo ń jẹ́ kó kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù sì ń mu ún. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní Púlọ́ọ̀gì, ni ọtí náà tú ẹnu rẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé ẹmu Bàbá Olóyin kò lẹ́gbẹ́ ní Adó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, orúnkún Bàbá wú tó fi jẹ́ pé wọn kò lè dìde. Ẹni tí yóò gbé agbè kọ́ sórí ọ̀pẹ kò sí. Ọ̀rẹ́ wọn ará Ìyìn ti lọ sí Ìjàn síbi òkú. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Èmi á gùn ún," ó sì ya èmi gan-an lẹ́nu. Bàbá ti fọ agbè mẹ́ta sílẹ̀. Ìkẹrin sán lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, mo mọ ibi tí òmíràn wà. Mo lọ sáàrin kókò. Mo da omi tútù sí agbè mi, mo dà á nù, ó parí.

"Ṣé o fọ̀ ọ́?" Bàbá na ọwọ́, wọ́n fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́, sà."

Ọwọ́ wọn padà. "Bí o bá ní o fọ̀ ọ́, o fọ̀ ọ́." Láyé wọn, agbè kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè láìgbóòórùn rẹ̀ nìyẹn.

Mo gun ọ̀pẹ mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ náà, mo tún gùn wọ́n ní ìdájí Sátidé. Ẹ má bi mí léèrè bí Adó ti rí láti òkè; ojú mi wà ní dídì. Mo ń pe orúkọ Olúwa, mo ń pe orúkọ Ìyá Ìgèdè, mo tilẹ̀ pe orúkọ ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí a dé ọgbà ìjọ, èèyàn ti pọ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí nídìí iná, Ọ̀gá Tíṣà dúró lókèèrè díẹ̀ nítorí èéfín. Wọ́n da agbè kìíní sí ìkòkò: ó rí bí omi àgbọn. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkẹrin, mo rí i tí imú wọn dúró. Ó ti hó wá sí ẹnu agbè bí ọṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹ̀yìn Bàbá ló kọjú sí gbogbo ìjọ. Bí wọ́n bá dà á mọ́ ìyókù, iná á sè é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá yí padà, wọ́n gbé agbè náà sókè fún Ọ̀gá Tíṣà.

"Eléyìí ti di ẹmu," ni wọ́n wí, wọ́n sì dà á sílẹ̀.

Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́," ni Ọ̀gá Tíṣà wí. "Ta ló ni agbè yìí?"

Bàbá wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n wá gbé ojú kúrò. "Ohun tó bá wà nílé mi, tèmi ni." Wọ́n sì ń tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn.

Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gẹ́gẹ́ bó ti gbọ̀n lórí ọ̀pẹ, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo sì dúró sí o. Mo ti rí i pé ibi gíga kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ yìí. Ojú èèyàn ni. Máa bẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n máa gùn lọ.

"Èmi ni mo ni ín!" Ohùn mi jáde bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. "Bàbá kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo ń jí omi ọ̀pẹ wọn bù, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la mu ún. Mo purọ́ fún wọn pé mo fọ agbè."

"Káyọ̀dé!" Ìyá Ìgèdè ká ọwọ́ lérí. "Ìwọ lo fẹ́ gba aago lọ́wọ́ ọkọ mi!"

Ọ̀gá Tíṣà wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wo ibi tí ẹmu ti rin ilẹ̀. Wọ́n sún mọ́ iná, wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó. "Ẹni tó lè da ẹ̀rí sílẹ̀ lójú àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́," ni wọ́n wí, "ó yẹ ká dúró wo bí yóò ṣe se ìyókù."

A dúró títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nígbà tí ohun inú ìkòkò ń fà láti ẹnu ìgbákọ bí òwú, Bàbá kán díẹ̀ sórí iṣu sísun, wọ́n fún Ọ̀gá Tíṣà. Ọ̀gá Tíṣà jẹ ẹ́. Wọ́n tún jẹ òmíràn. Wọ́n wá rọra bi Bàbá bóyá díẹ̀ lè kù fún ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

"Ikọ́ wo?" Ìyá Ìgèdè ní. "A ti wà níbí láti àárọ̀, ẹ kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan!"

Ẹ̀rín gba ọgbà. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Àìkú, Bàbá ló lu aago, wọ́n sì lù ú títí tí àwọn kan fi rò pé iná ń jó.

Bàbá kò bá mi wí. Èyí ló dùn mí jù. Nígbà tí a délé ní Sátidé náà, wọ́n kàn gbé agbè mi fún mi. "Fọ̀ ọ́." Mo da omi gbígbóná sí i, mo mì í pẹ̀lú òkúta, mo gbé e sórí èéfín. Bàbá ki imú bọ̀ ọ́. "Ó kù." Ní ọjọ́ kejì, mo tún fọ̀ ọ́. "Ó kù." Báyìí ló di iṣẹ́ wa ní ojoojúmọ́: èmi ni mo ń gun ọ̀pẹ ní ìdájí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, lẹ́yìn náà agbè mi, imú wọn, àti "Ó kù." Wọn kò jẹ́ kí n gbé e gòkè. Agbè mẹ́ta là ń lò, ọ̀pẹ kẹrin ń sinmi. Ọ̀gá Tíṣà ní kí n máa kọ́ aago lílù náà lọ́dọ̀ Bàbá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tí ẹ gbọ́ yẹn. Ọwọ́ mi kò tíì mọ̀ ọ́n bíi tiwọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá dùbúlẹ̀ tí wọn kò dìde mọ́. Wọn kì í jẹun, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣì ń gùn, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé láti kí wọn, wọ́n na ọwọ́ jáde láti abẹ́ aṣọ. Mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́. Wọ́n mi orí. Ìyá Ìgèdè ló yé.

"Agbè rẹ ni wọ́n ń bèèrè."

Mo sáré lọ gbé e wá. Mo mú un dé imú wọn, nítorí ọwọ́ wọn kò lè gbé e. Bàbá dijú, wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú, ó pẹ́. Mo ń retí "Ó kù" tó ti mọ́ mi lára. Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí bí wọ́n ti wò mí lọ́jọ́ náà nínú ọgbà ìjọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò gbé ojú kúrò.

"Gbé e lọ sórí ọ̀pẹ kẹrin," ni wọ́n wí. "Kò ní òórùn àná mọ́."